Abẹ́rẹ́ Lọ́wọ́ Ọmọbìnrin

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa

 

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ó ṣáájú èyí kò tí ì gbàgbé àríyànjiyàn tí ó wáyé nígbà tí a ń jíròrò lórí yàrá ìkọ́ṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Àwọn kan nínú wa wí pé kí a ra ẹ̀rọ ìránṣọ, kí a wá olùkọ́, kí gbogbo ọmọbìnrin tí kò bá yege nínú ìdánwò lọ jókòó síbẹ̀, ó parí. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní òkè òkun, kọ̀wé ránṣẹ́ pé ohun ìtìjú ni. Wọ́n ní ayé ti kọjá abẹ́rẹ́ àti òwú, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni kí a rà. Ohùn ròkè díẹ̀ ní ọjọ́ náà. Nígbà tí alága sì rí i pé ilẹ̀ ń ṣú, ó ní kí àwa wá sọ̀rọ̀ níwájú àpéjọ yìí lórí ohun tí abẹ́rẹ́ ti ṣe lọ́wọ́ ọmọbìnrin láti ayé àtijọ́, kí ìlú lè fi ìmọ̀ dá ẹjọ́ náà.

A dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí a rán wa. A ó kọ́kọ́ rìn lọ sí òkèèrè, sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti tọ́jú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ jùlọ pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó ṣe wọ́n. Lẹ́yìn náà ni a ó gba Sàró padà wá sílé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, nígbà tí ìwé tí a tẹ àwòrán sí kò tí ì pọ̀, obìnrin tí ó bá rí ọnà kan tí ó wù ú lára aṣọ ẹlòmíràn a fi abẹ́rẹ́ rán irú rẹ̀ sórí ègé aṣọ ọ̀gbọ̀ kan tí ó ń tọ́jú, kí ó má baà gbàgbé. Ègé aṣọ yìí ni a ó máa pè ní aṣọ àpẹẹrẹ nínú ọ̀rọ̀ wa. Nínú àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a rán ọdún sí lára, èyí tí ó pẹ́ jùlọ nínú àwọn tí a mọ̀ ni ti Jane Bostocke, ti ọdún 1598, tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Jane rán lẹ́tà ìwé sí i, ó rán ẹranko àti òdòdó sí i, ó sì rán an síbẹ̀ pé ní 1596 ni a bí ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Alice Lee. Ẹ̀yin ará, ó ti lé ní 400 ọdún. Ẹni tí ó rán an ti di èrò ọ̀run, ọmọ tí ó rán an fún náà ti di èrò ọ̀run, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn méjèèjì ṣì wà lórí aṣọ.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n kó àṣà yìí dání. Ti Loara Standish, ọmọ ọ̀gágun Myles Standish ti Plymouth, ni a kà sí èyí tí ó pẹ́ jùlọ nínú àwọn tí a ṣe ní ilẹ̀ náà. Àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni a ṣe é, ó sì wà ní Pilgrim Hall ní ìlú Plymouth títí di òní.

Kí ni ìdí tí a fi ń kọ́ ọmọbìnrin láti fi òwú rán lẹ́tà? Ìdí kìíní ni ìtọ́jú ilé. Nínú ilé ẹni tí ó rí já jẹ, aṣọ ibùsùn, aṣọ ìnura àti aṣọ tábìlì pọ̀. A ní láti rán lẹ́tà àti nọ́ńbà sí igun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ó má baà sọnù lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ìdí kejì ni ó yẹ kí ó dùn wá. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní apá tí a ń pè ní New England, ìwé kíkà àti aṣọ rírán ni a ń kọ́ ọmọbìnrin. Ìwé kíkọ jẹ́ ti ọkùnrin, ẹni tí yóò ṣe akọ̀wé tàbí oníṣòwò lọ́la. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ láyé, kì í ṣe gègé àti tàdáwà ni ó fi kọ ọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú ni.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí kí a má mẹ́nu kan Elizabeth Parker. Ọmọ tálákà ni, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ní ilé àwọn ọlọ́lá ní ìpínlẹ̀ Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí 1830, ó mú ègé aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun, ó fi òwú pupa nìkan rán ọ̀rọ̀ sí i láti òkè títí dé ìsàlẹ̀. Kò rán ẹyẹ, kò rán òdòdó. Ó rò ìyà tí ọ̀gá rẹ̀ fi jẹ ẹ́, ó jẹ́wọ́ pé òun ti gbèrò láti gba ẹ̀mí ara òun, ó sì ń ké pe Ọlọ́run. Kí ọ̀rọ̀ náà tó parí ni ó dá a dúró lójijì, òfìfo ni ìyókù aṣọ náà. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, kò kú nígbà náà: ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì dàgbà kí ó tó lọ. Aṣọ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà pẹ̀lú ti Jane Bostocke. Ohun tí ọmọ náà kò rí ẹni sọ fún, abẹ́rẹ́ ni ó sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi àwòrán. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà gba òmìnira, láti nǹkan bí 1785 títí di nǹkan bí 1830, àwọn obìnrin dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Mary Balch ní tirẹ̀ ní Providence. Susanna Rowson, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nítorí ìtàn àròsọ tí ó kọ, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Boston ní 1797. Ní 1803 Judith Saunders àti Clementina Beach jọ dá tiwọn sílẹ̀ ní Dorchester. Àwọn ọmọ ìjọ Moravia sì ti ń kọ́ ọmọbìnrin ní Bethlehem, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, láti 1742. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin ìjọ náà lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ṣe àsíá fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Pulaski ní 1778, nígbà tí ogun òmìnira ń lọ lọ́wọ́. Ní irú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ọmọ kékeré a kọ́kọ́ ṣe aṣọ àpẹẹrẹ. Bí ó bá dàgbà tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí òbí rẹ̀ sì lówó lọ́wọ́, a fi òwú ṣe odindi àwòrán kan.

Báwo ni a ti ń ṣe é? Olùkọ́ tàbí ayàwòrán ni yóò kọ́kọ́ ya àwòrán náà sórí aṣọ ṣẹ́dà tí a ti fà le lórí igi onígun mẹ́rin bí awọ ìlù. Ọmọbìnrin náà a wá jókòó tì í, a máa fi òwú ṣẹ́dà bo ohun tí a yà ní díẹ̀díẹ̀: òwú gbọọrọ tí ń dán fún aṣọ ènìyàn, òwú tí a ta ní kókó wẹ́wẹ́ fún ewé igi àti irun àgùntàn, òwú onírun múlọ́múlọ́ fún koríko. Ojú ọ̀run, ojú ènìyàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a kì í sábà rán; ọ̀dà olómi ni a fi ń kùn wọ́n, nígbà púpọ̀ ni ó sì jẹ́ pé ayàwòrán tí a sanwó fún ni ó ń kun ojú. Oṣù a máa yí lé oṣù kí àwòrán kan tó parí. Bí ó bá parí, a fi sínú férémù aláwọ̀ wúrà. A kun etí díńgí rẹ̀ ní dúdú, a sì fi wúrà kọ orúkọ ọmọ náà sí etí dúdú yẹn. A ó wá gbé e kọ́ sí pálọ̀ bàbá rẹ̀, kí àlejò gbogbo lè rí i, pàápàá ìyá tí ń wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀.

Àwọn ìtàn inú Bíbélì wà nínú ohun tí wọ́n ń rán: Mósè ọmọ-ọwọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá odò, àti Rúùtù pẹ̀lú Náómì. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Mary Balch a máa rán ilé ìjọba ìpínlẹ̀ wọn àti ilé yunifásítì tí ó wà ní ìlú wọn. Ní Westtown, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ Quaker dá sílẹ̀ ní Pennsylvania ní 1799, àwọn ọmọbìnrin fi ṣẹ́dà ṣe bọ́ọ̀lù ayé. Wọ́n kó nǹkan sínú aṣọ títí ó fi rí roboto, wọ́n wá fi òwú fa ààlà ilẹ̀ gbogbo àti ìlà tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ayé sí i lára. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ni, abẹ́rẹ́ ni gègé. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán etí ilẹ̀ Áfríkà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣé ó lè gbàgbé bí ó ti rí?

Nígbà tí Ààrẹ àkọ́kọ́ wọn, George Washington, kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 1799, irú àwòrán mìíràn gbòde. A ya ibojì kan, a gbé ìkòkò òkúta lé e, a fi igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ń wó wálẹ̀ bí ẹni tí ń sunkún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ya obìnrin tí ó fara ti ibojì tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Láti orí ọ̀fọ̀ Ààrẹ, ó di ọ̀fọ̀ ilé ẹni. Ọmọbìnrin a kọ orúkọ ìyá rẹ̀ tí ó ti kú, tàbí ti àbúrò rẹ̀ tí ó kú ní kékeré, sára ibojì náà, pẹ̀lú ọjọ́ orí olóògbé. A tilẹ̀ rí àwọn kan tí a kò kọ orúkọ kankan sí. A ti ṣe ibojì sílẹ̀, ó kù kí ikú dé. Ẹ̀yin ìyá wa mọ ohun tí a ń wí. Kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó dé, kò sí ilé tí ikú ọmọdé kò kàn.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣẹ́dà wọ́n, férémù wọ́n, owó ilé-ẹ̀kọ́ sì wọ́n. Ọmọ àwọn oníṣòwò ńlá, ọmọ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti ọmọ àwọn adájọ́ ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ó sì yẹ kí a sọ òtítọ́: ní ìlú bí Providence, òwò ẹrú wà nínú ohun tí ó sọ àwọn kan di ọlọ́rọ̀. Ní 1821, nígbà tí ìran kan nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ń fi ṣẹ́dà rán òdòdó, ni a kó ọmọ wa Àjàyí, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, lẹ́rú ní Òṣogùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti inú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí jáde, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ní 1792 Sarah Pierce bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Litchfield, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, nínú yàrá ìjẹun ilé rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti àwòrán wà níbẹ̀, nítorí òun ni àwọn òbí fẹ́. Ṣùgbọ́n Pierce fi ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé kún un, ó fi ìtàn kún un. Nígbà tí kò rí ìwé ìtàn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó jókòó, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn 1814, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan bá a kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Kí ilé-ẹ̀kọ́ náà tó kógbá sílé ní 1833, àwọn ọmọbìnrin bí 3,000 ti kọjá níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Harriet Beecher Stowe, tí ó kọ ìwé Uncle Tom's Cabin ní 1852, ìwé tí ó mi ìjọba òwò ẹrú tìtì ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Catharine, tí òun náà kàwé níbẹ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Hartford ní 1823. Ní South Hadley, ní Massachusetts, níbi tí Abby Wright ti ń kọ́ ọmọbìnrin ní àwòrán ṣẹ́dà láti 1803, ìlú kan náà ni Mary Lyon dá Mount Holyoke sílẹ̀ sí ní 1837, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga obìnrin tí ó lókìkí jùlọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà sọ pé abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Abẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìwé ni okùn tí ó tẹ̀ lé e.

Àwọn ènìyàn dúdú náà kò gbẹ́yìn. Ní Baltimore, ní 1828, Ìyá Mary Lange, tí ó ti Kúbà wá, bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan fún ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú àwọn arábìnrin ìjọ Kátólíìkì tí àwọn náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Maryland jẹ́ ìpínlẹ̀ tí a ti ń kó ẹrú nígbà náà. Àwọn ọmọ náà kọ́ ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò, wọ́n sì rán aṣọ àpẹẹrẹ pẹ̀lú orúkọ ara wọn. Ní ilẹ̀ tí òfin ti ka ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú sí ohun ìní ẹlòmíràn, ọmọbìnrin dúdú tí ó fi òwú kọ orúkọ rẹ̀ sórí aṣọ ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Sàró. Ẹ̀yin mọ̀ pé láti ìgbà ogun àwọn baba wa, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa gba àwọn tí a kó lẹ́rú sílẹ̀ lórí òkun, a sì kó wọn lọ sí Freetown. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì níbẹ̀, láàárín ọdún 1820 sí ọdún 1849, a kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì rán aṣọ àpẹẹrẹ tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́rẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Díẹ̀ nínú aṣọ wọ̀nyí ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: nígbà náà, ẹni tí ó bá ń san £5 lọ́dún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìtọ́jú ọmọ kan lè fún ọmọ náà ní orúkọ tí ó bá wù ú. Nítorí náà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ pẹ̀lú oyin àti iyọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán orúkọ Òyìnbó kan tí kò rí rí sórí aṣọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kù, orúkọ rẹ̀ nù. Nínú irú àwọn ọmọbìnrin tí a gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Aṣano wà, tí a sọ ní Susan, tí ó sì fẹ́ Àjàyí Crowther ní 1829.

Láti Sàró ni abẹ́rẹ́ àti ìwé jọ gba ọ̀nà wá sílé. Ìyáàfin Anna Hinderer dé Ìbàdàn ní 1853, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé àti aṣọ rírán ní Kúdẹtì. Ní 1869 ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó. Ó wà nínú orísun St. Anne's School tí ó wà ní Ìbàdàn lónìí. Ní 1927 ìjọba ṣí Queen's College ní Èkó pẹ̀lú ọmọ 20, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin Èkó bí Oyinkan Abayomi ti jà fún un. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ó gbajúmọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin láyé náà, ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí ọmọ mọ aṣọ rán, kí ó mọ àkàrà òyìnbó ṣe, kí ó rí ọkọ gidi fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Funmilayo Ransome-Kuti. Nígbà tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 títí di 1922, aṣọ rírán wà lára ohun tí ó kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1932, aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé ni ó sì pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ní 1944, àwọn ìyá ọlọ́jà wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀wé. A ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Láti orí ìwé, ọ̀rọ̀ dé orí owó orí. Láti orí owó orí, ó dé ààfin. Ẹ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀gbá títí di 1949. Ẹgbẹ́ tí ó fi abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni.

A fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé kì í ṣe Òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ọnà ara aṣọ. Ní ilẹ̀ wa ọkùnrin ni ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà ọrùn agbádá láti ayébáyé. Àwọn obìnrin wa sì ní tiwọn: wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ya àwòrán sára àdìrẹ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún 25 ọdún lórí oyè ní 1935, wọ́n ya ọba àti ayaba, wọ́n pe aṣọ náà ní Olóba. Wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó, wọ́n pè é ní Ìbàdàndùn. Gbogbo wa mọ orúkọ àwọn aṣọ náà. Ta ni nínú wa ni ó lè dárúkọ ìyá tí ó kọ́kọ́ yà wọ́n?

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀ràn ilé tiwa. Nínú àpótí ìyá wa àgbà, a bá aṣọ tábìlì kan tí a fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí: ẹyẹ méjì dojú kọ ara wọn, òdòdó yí wọn ká, gbogbo rẹ̀ gún régé bí ẹni pé ẹ̀rọ ni ó rán an. Ìyá kan nínú ẹbí wí pé ìyá òun ni ó rán an nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì. Ìyá kejì wí pé rárá, àbúrò rẹ̀ tí ó kú ní ọ̀dọ́ ni. Wọ́n jiyàn títí, omi bọ́ lójú ọ̀kan nínú wọn. A yẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin aṣọ náà wò, a yí i padà, a wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí lẹ́tà kan lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ tí ó kú ní ọ̀dọ́ ni, òun nìkan ni ohun tí ó fi sílẹ̀ láyé, a kò sì lè fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kìíní 2012, a lu aṣọ àpẹẹrẹ kan ní gbàǹjo ní New York. Mary Antrim, ọmọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni ó rán an ní 1807. Owó tí a san lé e lórí ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. A kò sọ èyí nítorí owó. Ó rán orúkọ rẹ̀, ó rán ọdún, ẹnìkan sì tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe orúkọ rẹ̀ ní ìlú wa yìí lónìí.

Alága wa, ẹjọ́ tí a gbé ka iwájú wa, báyìí ni a dá a. Ẹ̀yin tí ẹ wí pé kí a kó àwọn ọmọ tí kò yege lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kí wọ́n má baà dá wàhálà sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ wa: ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ dípò ìwé. Iṣẹ́ tí ń fẹ́ ìwọ̀n, ìṣirò, ojú tí ó mú àti sùúrù kì í ṣe ibi ìdàlẹ̀sí. Ẹ̀yin ọmọ wa òkè òkun tí ẹ ń tijú abẹ́rẹ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú: ohun tí ó sọ iṣẹ́ náà di ẹ̀wọ̀n kì í ṣe òwú, bí kò ṣe pé a fi òwú tì í mọ́lé, a kò sì fún un ní ohun mìíràn. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí a kọ́ yàrá náà, kí ẹ̀rọ ìránṣọ àti kọ̀ǹpútà jọ wà nínú rẹ̀, kí ọmọ tí ó ń kọ́ aṣọ rírán mọ ìwé owó kọ, kí ó mọ bí a ti ń ṣírò èrè àti àdánù. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa má ṣe gbà kí a yọ ọmọbìnrin kankan kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí ìdí abẹ́rẹ́ nítorí owó nìkan. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, kí òbí rẹ̀ wá sọ fún akápò ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ ṣí àpótí. Aṣọ òkè, àdìrẹ, aṣọ tábìlì, ìrọ̀rí tí ìyá yín ṣe ọnà sí, ẹ mú un jáde nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ béèrè ẹni tí ó ṣe é. Ẹ mú ègé aṣọ funfun kékeré, ẹ rán orúkọ rẹ̀ sí i, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àti ọdún bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì rán an mọ́ igun aṣọ náà. Ọmọbìnrin tí ẹ bá rán ní iṣẹ́ yìí yóò kọ́ abẹ́rẹ́, yóò kọ́ ìwé, yóò sì kọ́ ìtàn ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

A ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tábìlì ti ilé wa. Nígbà tí àwọn ìyá méjèèjì kò fẹnu kò, orúkọ méjèèjì ni a rán sí i.

 Kí Ọlọ́run kí ó dá ìlú wa sí, kí ó sì jẹ́ kí orúkọ àwọn ọmọbìnrin wa pẹ́ lẹ́nu ayé ju aṣọ lọ. Àṣẹ.